Ìpín Ràfíátù Lórí Ẹní Kajú

Láàárọ̀ àná, kí oòrùn tó ta sórí páànù, èéfín kajú gba ojú fèrèsé wọlé bá mi. Ọmọdébìnrin kan ní agboolé kejì ló ń yan án nínú agolo tó ti lu. Ẹ̀yin ọmọ tó jẹ́ pé inú ọ̀rá lẹ ti mọ kajú, tó ti funfun, tó ti níyọ̀ lára, ẹ ò lè mọ èéfín tí mò ń wí. Kì í rọra wọlé. Á kọ́kọ́ ta èèyàn lójú, á há a lọ́fun, lẹ́yìn ìyẹn ni òórùn dídùn kan á wá tẹ̀lé e bí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ojú mi ń ṣomi, mi ò sì lè sọ pé gbogbo omi náà ni ti èéfín.

Èmi nìkan ló kù nínú ilé yìí. Yàrá pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni mò ń gbálẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ mi wà l'Ékòó, wọ́n ń wálé tí ìnáwó bá wà. Ìyá wọn lọ bá wọn tọ́mọ. Ọmọ náà ti ń kàwé, ìyá ò tíì dé. Tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn mi á lọ títí dé ẹ̀yìnkùlé, kò ní rí ẹni dá a dúró, á sì padà wá bá mi. Bóyá ìdí nìyẹn tí èéfín ọmọ ọlọ́mọ fi rí àyè mú mi lọ síbi tó mú mi lọ.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí ibi tí èèyàn lè gbẹ́sẹ̀ lé nínú ilé yìí láìtẹ ọmọ mọ́lẹ̀. Rore la wà, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, kò jìnnà sí Ọ̀mù-Àrán. Oko kajú agboolé wa wà lẹ́yìn odò. Baba àwọn baba wa ló gbìn ín, wọn ò sì pín in fún ẹnì kankan, nítorí náà igi gbogbo wa ni. Bí ọyẹ́ bá ti ń palẹ̀ mọ́, èso náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, òmíràn á pupa, òmíràn á ràn bí ìyeyè, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ojú ọ̀nà. A ó mu omi inú rẹ̀, á kán sí wa láyà, àwọn ìyá wa á sì nà wá, torí pé oje kajú kì í jáde lára aṣọ títí aṣọ á fi gbó. Kóró tó so rọ̀ nídìí èso náà là ń yí kúrò, tí à ń kó sínú àpò. Kóró yìí ni alájàpá ń fi ọkọ̀ wá kó lọ́wọ́ wa.

Tí ẹ bá rò pé ẹni tó bá ṣà á ló ni ín, ẹ ò mọ ilé wa. Ìdàpọ̀ là ń ṣe. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń darí rẹ̀. Tí àsìkò kajú bá ti ń lọ sópin, á tẹ́ ẹní ńlá kan sójúde, á gbé kóńgò rẹ̀ jáde, abọ́ onírin tí à ń fi wọn ọkà, tí etí rẹ̀ kan ti wó. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á gbé àpò tirẹ̀ wá. Ìyá Àgbà á wọ̀n ọ́n níṣojú gbogbo wa, á fi apá gé orí kóńgò kó lè tẹ́, á pe iye rẹ̀ sókè, kí ọ̀lẹ má bàa sọ pé òun ṣiṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ má sì sọ pé wọn ò rí òun. Lẹ́yìn náà á da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí ẹní. Á ka orí wa. Á wá máa bù ú fún wa lọ́gbọọgba, kóńgò kan fún orí kan, yípo yípo, títí ẹní á fi mọ́.

Ọmọ márùn-ún la jẹ́ tó ń lọ ṣa kajú nígbà náà. Múfú ló ṣáájú wa, ọmọ àbúrò bàbá mi tó ti kú, alápá gbọọrọ, ẹni tó máa ń dé oko kí ẹyẹ tó jí. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ rántí dáadáa, kóńgò mẹ́sàn-án ló mú wá. Dàpọ̀ mú mẹ́fà. Bọ́sẹ̀ àbúrò rẹ̀ mú mẹ́rin. Èmi mú márùn-ún. Ràfíátù mú ẹyọ kan. Ìyá Àgbà da kóńgò márùndínlọ́gbọ̀n pọ̀, ó pín in, márùn-ún kan olúkúlùkù.

Ẹ wá wo èmi. Márùn-ún ni mo gbé wá, márùn-ún ni mo gbé lọ. Ìyá mi ní, "Ìwọ yìí, o kàn gbé ẹrù lọ gbafẹ́ ni." Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe rí nínú gbogbo nǹkan. Nínú eré sísá, nínú gíga, nínú ìwé, ibi tí mo wà náà ni ibi tí gbogbo wọn á bá ara wọn tí wọ́n bá pín in dọ́gba. Ẹni tó pàdánù kì í wò mí, ẹni tó jèrè kì í kí mi. Ràfíátù ló sọ mí ní Àárín. Kò pe orúkọ mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ràfíátù kì í ṣe ọ̀lẹ o. Èkó ni ìyá rẹ̀ wà, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló ń gbé, ìyá arúgbó kan tí a ń pè ní Ìyá Sàláátù, tójú rẹ̀ ti fọ́. Kí Ràfíátù tó lè kúrò nílé, á ti pọn omi àlùwàlá, á ti po ẹ̀kọ, á ti fa ìyá náà lọ́wọ́ jáde síbi tí oòrùn wà. Nígbà tó bá dé oko, Múfú ti gbá abẹ́ igi mọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń retí àlejò. Ohun tí igi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀ lójú rẹ̀ ni tirẹ̀. Á mú un, á yẹ̀ ẹ́ wò, á ní, "Àárín, wò ó, igi mọ̀ pé mò ń bọ̀." A ó jọ rẹ́rìn-ín. Mi ò ní ọ̀rẹ́ mìíràn, mi ò sì wá òmíràn.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, igi kajú ya wèrè. Ẹ̀ka wọn tẹ̀ débi pé ewúrẹ́ ń dúró jẹ ẹ́. Nígbà tí a gbé àpò wa dé ojúde, Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n, ó ń pè é sókè, ohùn rẹ̀ sì ń ga sí i. Múfú, méjìdínlógún. Dàpọ̀, méjìlá. Èmi, mẹ́wàá. Bọ́sẹ̀, mẹ́jọ. Ràfíátù, méjì. Àfi bí ẹni pé ọwọ́ kan náà ló ta gbogbo wa lọ́rẹ: kò sẹ́ni tí tirẹ̀ kò di ìlọ́po méjì. Tí wọ́n bá dà á pọ̀, àádọ́ta, mẹ́wàá mẹ́wàá ni yóò kàn wá.

Mo yíjú wo Ràfíátù. Òun náà ti ń wò mí. Èmi àti ẹ̀ ti yege ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé gírámà kan ní Òrò. Ìyá rẹ̀ ti ránṣẹ́ láti Èkó pé owó ilé-ìwé kò ní í ṣòro fún òun, ṣùgbọ́n kí ilé wá àpótí, bàtà, yúnífọ́ọ̀mù àti bẹ́ẹ̀dì. Tí ilé kò bá rí i, òun á wá mú ọmọ òun lọ. Ìyá Sàláátù ti jókòó ṣírò rẹ̀ lórí ìka ọwọ́: kóńgò kajú mẹ́wàá ló máa gbà. Ràfíátù ti ń bá mi jà lórí ẹni tó máa jókòó sétí fèrèsé nínú kíláàsì.

Ìyá Àgbà na ọwọ́ sí àpò Múfú láti dà á sórí ẹní. Múfú jókòó lé àpò náà.

Ó ní, "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná."

"Mo dúró. Ẹsẹ̀ ló ń ro mí."

"Ṣé ẹ rí i pé ti gbogbo wa ló di ìlọ́po méjì? Kò sẹ́ni tí kò kàn."

"Mo rí i. Àlùbáríkà ni."

"Tó bá wá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí la tún ń dà á pọ̀ sí? Léṣìí, a dà á pọ̀ torí pé kò tó. Lọ́dún yìí, kálukú ti ní ìlọ́po méjì. Kí kálukú gbé tiẹ̀."

Dàpọ̀ ní, "Ẹ bá lọ́yà wa wá wíìgì."

Bọ́sẹ̀ ní, "Dákẹ́. Ìwọ náà ò fẹ́ fi méjì tìẹ sílẹ̀."

Ẹ má bínú sí Múfú. Kẹ̀kẹ́ ológeere bàbá rẹ̀ ti fara ti ògiri láti ìgbà tí bàbá náà ti kú, táyà rẹ̀ ti jẹrà, adìẹ ń sùn lórí rẹ̀. Táyà ló ń wá. Kò sí ọjọ́ tí kì í nu kẹ̀kẹ́ náà. Ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tó ń sọ̀rọ̀, ó dà bí ẹni tó ti ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́.

Ìyá Àgbà kò bínú. Ó fìdí lélẹ̀ lórí ẹní. "Múfú ọmọ mi, léṣìí, o gbé mẹ́sàn-án wá, o gbé márùn-ún lọ. Mélòó lo fi sílẹ̀?"

"Mẹ́rin."

"Lọ́dún yìí ńkọ́, tí a bá pín in?"

Múfú wolẹ̀. "Mẹ́jọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ohun tó sọ ìpín rẹ di méjì, òun náà ló sọ ohun tó ń dùn ọ́ di méjì. Kò yọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó wá bá Ràfíátù, ó sọ ẹyọ kan tiẹ̀ di méjì. Ṣé kóńgò méjì ni wọ́n fi ń wọ ilé-ìwé ní Òrò?"

Ràfíátù ló fọhùn. Ó ní, "Ìyá Àgbà, ẹ jẹ́ kó gbé e. Òun ló ṣà á."

Ìyá Àgbà ní, "A kì í fi okùn so èèyàn mọ́ ẹní. Múfú, gbé e. Ṣùgbọ́n wo ẹní náà dáadáa kí o tó lọ."

Múfú kò wò ó. Ó gbé àpò rẹ̀ lé èjìká, ó wọlé.

Àwa mẹ́rin la kù. Ìyá Àgbà da tiwa pọ̀, méjìlélọ́gbọ̀n, ó pín in. Mẹ́jọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èmi náà máa fi nǹkan sílẹ̀ lórí ẹní, kò sì dùn mí, torí mo mọ ibi tó lọ. Dàpọ̀ fi mẹ́rin sílẹ̀, ó họrí. Bọ́sẹ̀ ló gbé mẹ́jọ wá tó gbé mẹ́jọ lọ. Ràfíátù rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Bọ́sẹ̀ ti gba ipò lọ́wọ́ Àárín." Lẹ́yìn náà ló wo kajú tirẹ̀. Mẹ́jọ. Ó ku méjì.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ìyá mi gbé kóńgò méjì lọ fún Ìyá Sàláátù. Kò pẹ́ tó fi gbé e padà dé. Ìyá arúgbó náà ti na ọwọ́ kan abọ́ náà, ó ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó ti dúpẹ́, ó ti gbàdúrà fún gbogbo ilé, ó sì ti tì í padà. Ó ní a kì í tọrọ lé ìpín. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn nígbà náà: ohun tó bá kàn ọ́ lórí ẹní, ẹ̀tọ́ rẹ ni, ohun tí wọ́n bá gbé wá lẹ́yìn rẹ̀, sàráà ni, sàráà sì ní àwọn tó wà fún. Ọ̀rọ̀ dé Èkó pé kò tó.

Alájàpá ti wá kó kajú. Múfú bá a lọ sí Ọ̀mù-Àrán, ó sì gbé táyà tuntun dé. Gbogbo wa yí i ká nígbà tó ń fẹ́ ẹ sínú. Dàpọ̀ bi í pé kóńgò mélòó ló gbà. Ó ní mẹ́wàá.

Dàpọ̀ ní, "Mẹ́wàá? Ṣebí iye tí ì bá kàn ẹ́ lórí ẹní náà nìyẹn."

Múfú dáwọ́ dúró lórí póńpù. Ó dà bí ẹni pé kò tíì gbọ́ ìṣirò náà rí. Kóńgò mẹ́jọ ṣì wà nínú àpò rẹ̀ nínú yàrá, kò sì ní iṣẹ́ tó fẹ́ fi í ṣe.

Ìyá Ràfíátù dé láìpẹ́ sígbà náà, obìnrin tóóró kan tí kò lè jókòó pẹ́. Ó fẹ́ kí wọ́n tètè bá ọkọ̀ àárọ̀ ní gáréèjì Ọ̀mù-Àrán. Ràfíátù fi ìyá ìyá rẹ̀ lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́, ó fi bí wọ́n ṣe ń bu omi àlùwàlá hàn mí, pé kó má tutù jù, pé ọwọ́ ọ̀tún ni kí n kọ́kọ́ dà á sí. Ó gbé ìdì aṣọ rẹ̀ lérí. Ó ní, "Àárín, bá mi tọ́jú ààyè mi létí fèrèsé." Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn nígbà èwe wa nìyẹn.

Oòrùn ti ta lọ́jọ́ náà kí Múfú tó jí síta, torí kò sí kajú mọ́ tó ń lé e dìde. Ó gbé àpò kóńgò mẹ́jọ náà lọ sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Sàláátù. Ó bá èmi nìkan pẹ̀lú kẹ́tùlù lọ́wọ́. Mi ò tíì parí gbólóhùn mi pé wọ́n ti lọ sí gáréèjì tó fi so àpò mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ó gun ún bí ẹni tí iná ń lé, eruku dìde títí dé ojú ọ̀nà ńlá.

Ọ̀sán ló tó padà. Kò gun kẹ̀kẹ́ náà. Ó ń tì í, àpò ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó lọ bá Ìyá Àgbà níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó tú àpò náà, ó sì dà á sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyá Àgbà bù ú sínú igbá ńlá kan, ó gbé e sí igun yàrá rẹ̀. Ó ní ti Ràfíátù ni.

Láti àsìkò tó tẹ̀lé e, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa mẹ́rin ló kù nílé, márùn-ún ni Ìyá Àgbà ń ka orí wa. Á bù ú fún mẹ́rin tó jókòó, á bù ú fún igbá. Múfú kò tún jókòó lé àpò mọ́. Òun ló máa ń kọ́kọ́ tú tirẹ̀.

Ní ilé-ìwé ní Òrò, tíṣà ìṣirò kọ ọ́ sí pátákó lọ́jọ́ kan pé tí a bá fi nọ́ńbà kan náà sọ iye kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, ìpíndọ́gba wọn, tó pè ní áfẹ́réèjì, á di púpọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ó fi méjì ṣe é, ó fi mẹ́ta ṣe é. Ó bi wá bóyá ó yé wa, gbogbo kíláàsì ní ó yé wa. Àga tó wà létí fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣófo. Mo fẹ́ bi í bóyá àlàfo tó wà láàárín ẹni tó ní jù àti ẹni tó kéré jù náà máa ń di ìlọ́po méjì. Mi ò na ọwọ́ sókè. Mo ti mọ èsì rẹ̀ kí n tó wọ ilé-ìwé.

Ràfíátù padà wá ní ẹ̀ẹ̀kan, nígbà fìdáù Ìyá Sàláátù. Ó ti di ìyáálé ilé, ó ń yára sọ̀rọ̀ bí ará Èkó, ó ń wo aago. Ìyá Àgbà, tó ti gbó kùjọ́kùjọ́ nígbà náà, ní kí n mú un wọ yàrá. Mo ṣí igbá náà fún un. Kajú ọdún dé ọdún ló wà nínú rẹ̀, kòkòrò ti jẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó ní, "Ẹ ṣì ń pín in fún mi?"

Mo ní, "Ìwọ náà lórí."

Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dì í sí etí ìborùn rẹ̀. Ó ní, "Ó ṣé o, Àárín." Ọkọ̀ fọn fèrè níta.

Èéfín àná ló gbé mi dìde lọ sí oko kajú. Igi tó kù níbẹ̀ kò pọ̀ mọ́, wọ́n ti kọ́lé sí ibi tó pọ̀ jù. Mo ṣa ohun tí ẹ̀yìn mi gbà kí n ṣà. Mo yà lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ra kajú ní ìta, ó wọ̀n ọ́n, ó ní kóńgò mẹ́wàá. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé e wálé, mo fi kóńgò Ìyá Àgbà wọ̀n ọ́n, èyí tí etí rẹ̀ wó. Márùn-ún. Kóńgò òde òní ti dín kù ni, méjì rẹ̀ ló wọ ọ̀kan ti àtijọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa kíyè sí i: iye lè di ìlọ́po méjì lẹ́nu, kí kóró ẹyọ kan má sì lé e lórí ẹní.

Mo tẹ́ ẹní sójúde. Mo dà á sílẹ̀. Mo ka orí wa, márùn-ún, mo sì bù ú. Kóńgò kọ̀ọ̀kan, iye tí Ràfíátù mú wá lọ́dún àkọ́kọ́. Múfú ti wà lábẹ́ ilẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà sì wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Dàpọ̀ wà ní òkè òkun. Orúnkún Bọ́sẹ̀ kò jẹ́ kó kúrò ní Omupo mọ́. Mo ti di tirẹ̀ sínú ọ̀rá fún ọlọ́kadà tó bá ń lọ síbẹ̀. Fóònù Ràfíátù kì í wọlé. Ká ní igi tún ya wèrè bíi ti ìjọsí, tí ohun gbogbo di ìlọ́po méjì, tèmi á di méjì, òkìtì mẹ́ta tí kò ní ẹni tó máa kó o náà á di méjì méjì.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo ti gbé tèmi wọlé. Mo wo ìta láti ẹnu ọ̀nà. Ẹní kò tíì mọ́.